Ihò Gígùn Nínú Irin: Ohun Tí Àgbẹ̀dẹ Kétu Kò Ní

Bí òòlù kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù lára ìbọn ṣakabùlà bá kán, alágbẹ̀dẹ Yorùbá ayé ogun mọ bí wọ́n ti ń rọ òmíràn. Bí igi ìdí rẹ̀ bá là, gbẹ́nàgbẹ́nà wà. Ọta pàápàá, àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ti ń rọ ọ́ nígbà tí òjé bá wọ́n. Ọ̀pá ìbọn nìkan ni gbogbo wọn ń wo ojú òkun fún, ìyẹn ihò gígùn tó tọ́ gbọọrọ láti ẹnu dé ìdí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé ìmọ̀ irin tiwa ni kò tó. Èrò tèmi yàtọ̀. Ìmọ̀ irin wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń di irin mú, tó ń yí i, tó sì ń fi ọ̀nà han ìlu tó ń dá ihò náà ni kò sí. Ìtàn ihò gígùn nínú irin ló ń jẹ́rìí sí èyí, Kétu sì jẹ́ ibi tí àìsí ẹ̀rọ náà ti fara hàn kedere.

Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, Dàhòmì ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Ẹ̀gbá ní ìlà-oòrùn, etí òkun sì jìnnà sí i. Odi àti yàrà ló yí ìlú náà ká, ẹnu-bodè Ìdènà tó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní sì jẹ́ ẹ̀rí bí wọ́n ti múra sí ààbò tó. Ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n ń yìn láti orí odi náà gbọ́dọ̀ gba Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì tàbí Èkó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Dàhòmì ní tirẹ̀ ti gba èbúté Ouidah láti 1727. Ní 1883, nígbà ọba Glele, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu Kétu. Ní 1886 wọ́n dó tì í, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ẹni tó mọ ìtàn náà lè sọ pé ebi àti ẹ̀tàn ló ṣẹ́gun Kétu, pé ìbọn kọ́. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé ọ̀pá ìbọn nìkan ló fọ́ ìlú. Ẹlòmíràn lè fi kún un pé àwọn alágbẹ̀dẹ Dàhòmì náà kò lè dá ihò ọ̀pá ìbọn lu, síbẹ̀ àwọn ló borí. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gbè mí lẹ́yìn. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè ṣe ihò náà nílé, ẹni tó ni ọ̀nà tí ihò náà ń gbà wọlé ló ní agbára. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú ogun Kírìjì: nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó rí ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí rà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, ni ọwọ́ Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pá náà níbi tó ti ń wá? Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó ń ṣe ìbọn olówó pọ́ọ́kú fún ọjà Áfíríkà. Wọn kì í lu irin tó dì ní ihò nígbà náà. Wọ́n á mú pẹpẹ irin, wọ́n á fi iná sọ ọ́ di pípọ́n, wọ́n á ká a mọ́ ọ̀pá kan, wọ́n á wá fi òòlù lu etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Kí ẹ fi èyí wé bí alágbẹ̀dẹ wa ti ń ṣe ọ̀kọ̀. Ihò tí igi ọ̀kọ̀ ń wọ̀, kíká ni wọ́n ń ká a bákan náà nínú iná, kò sí ìlu kankan tó kàn án. Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ ọ̀pá ìbọn jẹ́ ohun tí àgbẹ̀dẹ Yorùbá ti ń ṣe tipẹ́. Ìdajì kejì ni wàhálà. Inú ọ̀pá tí wọ́n ká bẹ́ẹ̀ máa ń rí págunpàgun, ó sì máa ń wọ́. Ní Birmingham, irin ìgbẹ́hò gígùn tí omi tàbí èéfín omi gbígbóná ń yí ni wọ́n fi ń gbẹ́ inú rẹ̀ léraléra títí yóò fi tọ́. Ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn, bó ti wù kí ọwọ́ náà mọṣẹ́ tó.

Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá kò tètè mọ̀ ọ́n. Àgbá tí wọ́n ń yìn láyé àtijọ́, wọ́n ń rọ ọ́ yí amọ̀ tó dúró láàárín ká ni kí ihò lè wà nínú rẹ̀, amọ̀ náà a sì máa yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ihò a wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 18, Jean Maritz, ará Switzerland, rọ àgbá tó dì látòkè délẹ̀, ó wá fi ẹ̀rọ lu ihò rẹ̀. Ní 1774, John Wilkinson gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún irú iṣẹ́ yìí lára àgbá irin: àgbá ló ń yí, ìlu dúró sójú kan. Ọdún kan lẹ́yìn náà ló ṣe ẹ̀rọ mìíràn tó fi gbẹ́ inú sìlíńdà fún James Watt, ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ Watt, tí èéfín omi ń yí, tó lè há èéfín náà mọ́ inú dáadáa. Lójú tèmi, iṣẹ́ Wilkinson yìí tóbi ju bí wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ Watt tí ihò títọ́ bí náà ló wá ń yí àwọn ìlu mìíràn. Ní Munich, Count Rumford fi ìlu tó kú gbẹ́ àgbá tó wà nínú omi, ẹṣin ló ń yí i, omi náà sì hó lẹ́yìn wákàtí méjì ààbọ̀. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1798 láti fi hàn pé fífi nǹkan ra nǹkan ló ń bí ooru. Ẹni tó bá ti lu ihò jíjìn rí mọ ooru náà: òun ló ń ba ẹnu ìlu jẹ́, ìdí nìyẹn tí òróró kò fi gbọ́dọ̀ wọ́n níbẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mò ń sọ ni ti Samori Touré, olórí tó bá Faransé jagun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ tú ìbọn Faransé palẹ̀, wọ́n sì ṣe àwòkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bí àwọn yẹn bá lè ṣe é láìsí ẹ̀rọ ńlá, kí ló dí ti Kétu lọ́wọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n rí ṣe. Ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ni Samori kó jọ sójú kan fún iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ìwọ̀nba ìbọn díẹ̀ ló ń jáde lọ́sẹ̀. Wọ́n fi hàn pé ọwọ́ wa lè ṣe é, wọ́n sì fi hàn bákan náà pé ọwọ́ lásán kò lè bá ẹ̀rọ dọ́gba. Ìlú kan ṣoṣo tí ọ̀tá dó tì kò ní agbára Samori. Yàtọ̀ sí èyí, ìbọn òyìnbó kò wọ́n púpọ̀ nígbà tí ọ̀nà bá là, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí yóò fi ọjọ́ púpọ̀ gbẹ́ ọ̀pá kan tí ọjà ń ta lówó pọ́ọ́kú.

Ọdún 1886 tí Kétu fọ́ ni Faransé gba ìbọn Lebel sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 8, ọ̀pá rẹ̀ gùn ní 800, ìyẹn ni pé jíjìn ihò náà jẹ́ ìlọ́po 100 fífẹ̀ rẹ̀. Irú ìbọn yìí ni àwọn ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, gbé wọ Dàhòmì ní 1892, lẹ́yìn ìṣẹ́gun wọn sì ni àwọn ọmọ Kétu padà wá tún ìlú wọn ṣe. Ìlu lílọ́ tí Stephen Morse gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1863 kò lè dá irú ihò Lebel yìí lu. Bí ó bá ti wọlé tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún fífẹ̀ rẹ̀, èérún irin a bẹ̀rẹ̀ sí í dí ojú ọ̀nà, òróró kò ní dé ẹnu ìlu mọ́, ìlu tẹ́ẹ́rẹ́ a sì máa tẹ̀. Ìlu tí wọ́n ṣe fún ọ̀pá ìbọn ní ihò nínú ara rẹ̀ tí òróró ń gbà wọlé, ó sì ní kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí òróró náà fi ń gbá èérún jáde.

Léètì, ẹ̀rọ kékeré tó ń di irin mú tó sì ń yí i, tí ènìyàn lè gbé sí ẹ̀yìnkùlé lónìí, ń lo ọgbọ́n Wilkinson kan náà. Bí ìlu bá ń yí tí irin dúró, ibi tí ìlu bá yà sí ni yóò máa lọ, àṣìṣe náà yóò sì máa pọ̀ sí i. Bí irin bá ń yí tí ìlu dúró, ẹ̀gbẹ́ tí ìlu fẹ́ yà sí ti ń yí kúrò níwájú rẹ̀, irin náà a máa tì í padà sí àárín. Fún ihò jíjìn nínú ṣáàfù ẹ̀rọ ìlọta, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí a máa lo ohun tí wọ́n ń pè ní D-bit. Ọ̀pá sítíìlì ni, ó ṣe déédéé pẹ̀lú ihò tí wọ́n fẹ́, wọ́n á rẹ́ ìdajì orí rẹ̀ kúrò. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto ló ń jókòó sára ihò tó ti gbẹ́ sẹ́yìn, ihò náà fúnra rẹ̀ ló sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ ó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹnu ihò náà kí ó tọ́, kí ó sì bá ìlu mu pátápátá. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá wọ́, gbogbo rẹ̀ ló wọ́. Ẹ ó máa fà á jáde láti gbọn èérún dànù lemọ́lemọ́, ẹ ó sì máa ta òróró sí i.

Láti ṣe D-bit, ènìyàn yóò mú irin pọ́n nínú iná, yóò rì í bọ omi kí ó le, yóò tún fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́ kí ó má baà kán. Iṣẹ́ iná bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí alágbẹ̀dẹ Kétu ọdún 1886. Àwọn kan yóò ní òkè òkun ni léètì náà ti ń wá, pé a kàn fi gbígbẹ́kẹ̀lé kan pààrọ̀ òmíràn ni. Ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba: ọ̀pá ìbọn tí Kétu rà jẹ́ ihò kan, bí ó bá là, ó parí. Léètì kan ń dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ búùṣì àti ṣáàfù tí wọ́n fi ń tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́.