Ìṣílé Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù: Arsenal láti Highbury dé Emirates

Ìṣílé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni kí ẹgbẹ́ kan fi pápá ìṣeré tí ó ti ń lò fún ọdún pípẹ́ sílẹ̀, kí ó sì kó lọ sí òmíràn. Ní òde òní, owó ni ìdí tí ó wọ́pọ̀ jù fún irú ìṣílé bẹ́ẹ̀: pápá tí ó tóbi ń gba èrò púpọ̀, èrò púpọ̀ sì ń mú owó púpọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò ẹgbẹ́ nìkan ni ìṣílé ń kàn. Ó ń kan irú agbábọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ lè rà, bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe dáadáa sí nílé, ohùn àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀, àti orúkọ tí ilé náà ń jẹ́. Àpẹẹrẹ tí ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti Arsenal, ẹgbẹ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé nígbà tí Kanu Nwankwo ń gbá bọ́ọ̀lù fún un láàrin 1999 sí 2004. Ní 2006, Arsenal kúrò ní Highbury lọ sí Emirates Stadium. Ọ̀nà tí ó wà láàrin pápá méjèèjì kò tó kìlómítà kan. Síbẹ̀, ó tó ọdún mẹ́jọ kí ẹgbẹ́ náà tó gba ife ńlá àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti wọ ilé tuntun.

Ìṣílé àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ ìṣílé kò ṣàjèjì sí Arsenal. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń rọ ohun ìjà fún ìjọba ní Woolwich, ní apá gúsù odò Thames, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1886. Nígbà tí yóò fi di 1910, gbèsè ti wọ ẹgbẹ́ náà lọ́rùn, nítorí pé Woolwich jìnnà sí àárín ìlú, èrò ìwòran kò sì pọ̀ tó. Henry Norris, oníṣòwò tí ó gba àkóso rẹ̀, kó o sọdá odò lọ sí Highbury ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ní 1913, sí ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan. Kò pẹ́ tí orúkọ Woolwich fi kúrò lára orúkọ ẹgbẹ́ náà. Inú Tottenham, tí ó di aládùúgbò rẹ̀, kò dùn sí i rárá.

Ìṣílé yìí ni ó ṣínà fún ẹgbẹ́ kékeré láti di ẹgbẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n kò yá kánkán. Ife ńlá àkọ́kọ́ tí Arsenal gbà, ìyẹn Ife FA, kò dé títí di 1930, ọdún kẹtàdínlógún lẹ́yìn ìṣílé. Láàrin 1931 sí 1938 ni ó wá gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tí ó bá dá ìṣílé Highbury lẹ́jọ́ ní 1920 yóò ní òfo ni. Ẹni tí ó bá dá a lẹ́jọ́ ní 1935 yóò ní kò sí ohun tí ó dára tó o.

Ìdí tí Highbury kò fi gba ẹgbẹ́ mọ́

Ní àwọn ọdún náà, orí ìdúró ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ní oṣù kẹta 1935, èrò 73,295 ni ó wá wo Arsenal àti Sunderland ní Highbury. Ohun tí ó yí èyí padà ni àjálù pápá Hillsborough ní ìlú Sheffield ní 1989, níbi tí ènìyàn 97 ti pàdánù ẹ̀mí wọn nítorí èrò tí ó fún mọ́ra. Lẹ́yìn ìwádìí tí Adájọ́ Taylor ṣe, wọ́n pa á láṣẹ pé kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá sọ gbogbo ààyè ìdúró di ìjókòó. Nígbà tí Highbury di pápá ìjókòó pátápátá, èrò tí ó lè gbà kò ju 38,419 lọ. Nígbà tí ó yá, Old Trafford ti Manchester United wá ń gba èrò tí ó lé ní 67,000.

Arsenal kò lè fẹ Highbury lójú. Ilé àwọn ará àdúgbò yí i ká, òfin ìdáàbòbò ilé àtijọ́ sì dá ọwọ́ wíwó ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ dúró. Ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ dán ọgbọ́n mìíràn wò: ní sáà 1998-99 àti 1999-2000, ó gba Wembley lò fún ìdíje Champions League. Èrò tí ó lé ní 70,000 ń wá wò ó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, méjì péré ni Arsenal borí, ó ta ọ̀mì nínú ọ̀kan, ó sì fìdí rẹmi nínú mẹ́ta. Sáà méjèèjì ni kò sì kọjá ìpele ìsọ̀rí. Wembley fi hàn pé àwọn alátìlẹ́yìn tí yóò kún pápá ńlá wà. Ó tún fi hàn pé èrò púpọ̀ nìkan kò sọ pápá di ilé.

Owó, gbèsè àti ìwọ̀fà

Ilẹ̀ tí Arsenal rí wà ní Ashburton Grove, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Islington ti ń kó ìdọ̀tí jọ. Kíkọ́ pápá náà àti àwọn iṣẹ́ tí ó rọ̀ mọ́ ọn gba nǹkan bí mílíọ̀nù 390 pọ́ùn. Ní 2004, ẹgbẹ́ náà yá mílíọ̀nù 260 pọ́ùn lọ́wọ́ àwọn ilé ìfowópamọ́. Ní ọdún kan náà, ó ta ẹ̀tọ́ orúkọ pápá àti ti iwájú aṣọ ẹgbẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Emirates ní nǹkan bí mílíọ̀nù 100 pọ́ùn. Owó tí ń wọlé ní ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì ní sáà àkọ́kọ́. Ohun tí ó fà á kì í ṣe iye ìjókòó nìkan. Àwọn ìjókòó olówó gọbọi àti àwọn yàrá àdáni tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún kó ipa ńlá níbẹ̀.

Bí a bá fẹ́ lóye ohun tí gbèsè náà ṣe sí bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà, àṣà ìwọ̀fà ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ lè là á yé wa. Ẹni tí ó bá yá owó ńlá lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ náà ni èlé, kò sì dín ojú owó kù. Bákan náà ni ikọ̀ Arsenal ṣe fi agbára rẹ̀ sin gbèsè ilé. Arsène Wenger, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó darí ikọ̀ tí kò fìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 38 ní sáà 2003-04, wá ń kọ́ ikọ̀ tuntun láti ara àwọn ọ̀dọ́ tí owó wọn kò pọ̀. Bí wọ́n bá ti ń gbó, wọ́n ń lọ: Thierry Henry lọ sí Barcelona ní 2007, Emmanuel Adebayor àti Kolo Touré lọ sí Manchester City ní 2009, Cesc Fàbregas àti Samir Nasri lọ ní 2011, Robin van Persie lọ sí Manchester United ní 2012. Kì í ṣe gbèsè nìkan ló lé gbogbo wọn lọ, nítorí ìfẹ́ ife àti owó oṣù ńlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè bá olówó du agbábọ́ọ̀lù.

Síbẹ̀, ikọ̀ náà ṣe ojúṣe ìwọ̀fà rẹ̀ pé. Láti 2006 títí di 2016, kò sí sáà kan tí Arsenal kò parí líìgì láàrin ẹgbẹ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, èyí tí ó jẹ́ kí owó Champions League máa wọlé láìdáwọ́ dúró. Ohun tí àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, pé ipò kẹrin ti di ife ẹ̀yẹ, ni ó ń san owó ilé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí koríko

Ní sáà ìkẹyìn ní Highbury, Arsenal borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 14 nílé, ó ta ọ̀mì nínú 3, ó sì fìdí rẹmi nínú 2. Ní sáà àkọ́kọ́ ní Emirates, ó borí nínú 12, ó ta ọ̀mì nínú 6, ó sì fìdí rẹmi nínú 1. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì àkọ́kọ́ gan-an ní ilé tuntun, pẹ̀lú Aston Villa ní oṣù kẹjọ 2006, ọ̀mì ni. Ẹgbẹ́ náà kò bàjẹ́. Ohun tí ó ṣọnù ni agbára láti sọ ọ̀mì di ìṣẹ́gun.

Richard Pollard ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbé e jáde ní 2002. Ó wo ẹgbẹ́ 37 tí ń ṣe àwọn eré ìdárayá mìíràn ní Àríwá Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣílé ṣùgbọ́n tí wọn kò kúrò ní ìlú wọn. Ó rí i pé àǹfààní tí ẹgbẹ́ ń rí nílé máa ń dín kù ní sáà àkọ́kọ́ nínú pápá tuntun. Ìmọ̀lára ibi tí ó ti mọ́ni lára wà lára ìdí rẹ̀. Ní Highbury, pápá kéré ju ti Emirates lọ, òǹwòran sì súnmọ́ ilà tó bẹ́ẹ̀ tí agbábọ́ọ̀lù ń gbọ́ ohùn ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó ti mọ ibi tí igun wà láì gbójú sókè ní láti tún ojú rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru pápá: ọdún 2006 náà ni Dennis Bergkamp fẹ̀yìn tì, tí Robert Pires, Sol Campbell àti Ashley Cole sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Orúkọ, ohùn àti ìrántí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti Emirates, owó ni wọ́n wò. Ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ilé àlejò ni àwọn wọ̀. Pápá náà mọ́, ó tóbi, ìjókòó rẹ̀ sì tu ara. Àmọ́ ìtàn kò sí lára ògiri rẹ̀. Láti 2009 ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe: wọ́n ya àwòrán àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n so ọwọ́ kọ́ ara wọn léjìká yí ìta pápá ká, wọ́n dá orúkọ àwọn ìhà Highbury padà, wọ́n sì gbé ère Herbert Chapman, Tony Adams àti Thierry Henry kalẹ̀ ní 2011. Highbury fúnra rẹ̀ di ilé gbígbé. Ọgbà òdòdó ni ojú pápá rẹ̀ báyìí.

Àfiwé pẹ̀lú Tottenham àti West Ham

Tottenham kò kúrò ní àdúgbò rẹ̀. Orí ilẹ̀ àtijọ́ ni ó kọ́ pápá tuntun sí, èyí tí ó ná an ní nǹkan bí bílíọ̀nù kan pọ́ùn. Ní sáà ìkẹyìn ní White Hart Lane, 2016-17, kò fìdí rẹmi nílé nínú líìgì rárá. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí ó ń ṣe àtìpó ní Wembley, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fìdí rẹmi. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2018, kò ra agbábọ́ọ̀lù kankan. Ní oṣù kẹrin 2019 ni ó wọ ilé tuntun.

Ọ̀nà ayálégbé ni West Ham gbà ní tirẹ̀. Ní 2016, ó fi Upton Park tí ó ti ń lò láti 1904 sílẹ̀, ó sì yá pápá tí wọ́n kọ́ fún ìdíje Òlíḿpíìkì 2012 fún ọdún 99. Kò jẹ gbèsè ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n pápá eré sísá ni ilé náà láti ìpilẹ̀, òǹwòran sì jìnnà sí koríko. Ní oṣù kẹta 2018, nígbà tí Burnley na West Ham ní 3-0, inú bí àwọn alátìlẹ́yìn débi pé àwọn kan ya wọ orí pápá, àwọn mìíràn sì péjọ síwájú ìjókòó àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, West Ham gba ife Europa Conference League. Onílé jẹ gbèsè owó. Ayálégbé jẹ gbèsè ìmọ̀lára.

Àkótán

Ìṣírò Arsenal tọ̀nà ní ti owó ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ṣùgbọ́n ayé kò dúró dè é. Roman Abramovich ti ra Chelsea ní 2003. Àwọn ará Abu Dhabi ra Manchester City ní 2008. Owó tẹlifíṣọ̀n sì pọ̀ sí i fún gbogbo ẹgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí owó ìwọlé òǹwòran kò ṣe pàtàkì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí gbèsè fúyẹ́, Arsenal ra Mesut Özil ní 2013, ó sì gba Ife FA ní 2014, 2015, 2017 àti 2020. Nítorí náà, ìṣílé kò sọ ẹgbẹ́ di ọba, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ́ di ẹrú. Àkókò ni ó fi ṣe owó orí.

Ẹ̀rí tí ó dájú jù pé ilé tuntun ti di ilé kì í sí nínú ìwé ìṣirò. Bukayo Saka, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ Bùkáyọ̀, ni a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2001. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n ti Highbury, inú ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Arsenal ni ó sì dàgbà sí. Kò gbá bọ́ọ̀lù ní Highbury rí. Fún un àti fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ orin orúkọ rẹ̀ lórí ìjókòó, Emirates kì í ṣe ibi tí ẹgbẹ́ ṣí lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bá ẹgbẹ́.