Ẹjọ́ Ilẹ̀ ní Èkó láti Ọdún 1861

Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lórí ilẹ̀ a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ baálé, ìyẹn olórí agbo ilé. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, a dé iwájú ìjòyè tàbí ààfin. Ìlàjà ni irú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ń lépa, nítorí pé àwọn tó ń jà yóò ṣì jọ máa gbé agbo ilé kan náà. Ìkáwọ́ àwọn Ìdẹ́jọ ni ilẹ̀ wà, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun bí Olúwa, Olótò àti Ọníru, tí wọ́n ń fi fún ẹni tó bá tọrọ láti lò, kì í ṣe láti tà.

Ìwé ló sọ ilẹ̀ di ẹjọ́. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀, òwò epo pupa sì mú kí ilé di ohun tí à ń fi dógò lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò, tó fi jẹ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé lè fi ilé ìdílé yá owó láìbi àwọn àbúrò rẹ̀ léèrè. Kóòtù Gíga Jùlọ tí òfin ọdún 1876 gbé kalẹ̀ ni àwọn àbúrò wọ̀nyí ń sá tọ̀, àwọn lọ́yà bí Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, sì wà nílẹ̀ láti gbẹjọ́ wọn rò.

Ìpẹ̀jọ́ yìí yí àṣà fúnra rẹ̀ padà. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkólé, tí wọ́n gbọ́ ní 1908 àti 1909, àwọn olóyè wá jẹ́rìí sí bí ogún ṣe ń lọ, kóòtù sì gbé e kalẹ̀ pé gbogbo ọmọ olóògbé ló jọ ni ilé ìdílé, lábẹ́ Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin. Ohun tí àwọn àgbà ti ń tún ṣe bí ọ̀ràn bá ṣe rí di òfin tí a kọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kóòtù náà di asà lọ́wọ́ aráàlú. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Olúwa Àmọ́dù Tìjání pe ìjọba lẹ́jọ́ títí dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Herbert Macaulay, olóṣèlú ará Èkó, bá a lọ, ìgbìmọ̀ náà sì dájọ́ ní 1921 pé ẹ̀tọ́ àwùjọ lórí ilẹ̀ náà kò tíì parẹ́, owó gbà-má-bínú gbọ́dọ̀ bá a mu. Ní 1931, ìgbìmọ̀ kan náà sọ nínú ẹjọ́ Èṣùgbàyí Elékò, ọba tí gómìnà lé kúrò nílùú, pé kóòtù láṣẹ láti yẹ ìṣe gómìnà wò.

Ṣùgbọ́n láàárín ọmọ ìyá, ọ̀pọ̀ ìdílé ta apá kan ilẹ̀ kí wọ́n lè rí owó fi jà fún ìyókù, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sì ṣẹ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹjọ́ ló dín agbára ìjọba kù. Kò sí ìlàjà tó lè ṣe ìyẹn. Láàárín ìbátan, tí kò sí alágbára tí a fẹ́ dá dúró, ẹni tó jàre sábà máa ń jogún ilẹ̀ tó kéré ju èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà lé lórí lọ.