Ìtàn Sítóòfù Oníná Mànàmáná àti Àtúnṣe Rẹ̀

Sítóòfù oníná mànàmáná kì í rú èéfín, kì í sì í fi eérú sílẹ̀. Ibi tí iyì rẹ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ìṣòro rẹ̀ wà. Nídìí ààrò, ojú lásán ni alásè fi ń mọ ohun tó ń ṣe iná: bí igi bá tutù, èéfín á sọ, bí ẹyin iná bá ń kú lọ, á fẹ́ ẹ. Nídìí sítóòfù oníná, inú wáyà ni iná ń gbà, àbùkù rẹ̀ kì í sì í hàn sójú. Ìtàn sítóòfù yìí jẹ́ ìtàn bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wá ibi tí àbùkù sá pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà ara tó ní lónìí ló jẹ́ pé ohun kan tó máa ń bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ló bí i.

Ní ọdún 1892, Thomas Ahearn, oníṣẹ́ iná mànàmáná kan nílùú Ottawa lórílẹ̀-èdè Kánádà, fi ààrò oníná tó ṣe fúnra rẹ̀ se àsè fún àwọn àlejò ní Windsor Hotel. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pàtẹ ilé ìdáná oníná síbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé tó wáyé ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ Crompton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń ta ohun ìdáná oníná láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Ẹnu ya àwọn òǹwòran, àmọ́ wáyà inú rẹ̀ kì í pẹ́. Irin tó bá ń pọ́n bí ẹyin iná nínú afẹ́fẹ́, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́ tán. Wọ́n wá ń ri wáyà náà sínú tánganran, irú èyí tó máa ń wà lára abọ́ ìjẹun, kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án. Ṣùgbọ́n bí ooru ṣe ń mú irin fẹ̀ kọ́ ló ṣe ń mú tánganran fẹ̀. Tánganran á sán, wáyà á já, kò sì ní sí bí ọwọ́ ṣe lè tó o láti so ó.

Ọdún 1906 ni ọ̀nà àbáyọ dé. Lọ́dún náà ni Albert Marsh gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá (patent) ní Amẹ́ríkà lórí irin àdàlù tó fi nickel àti chromium ṣe. Nínú ìpín 100, bíi 80 jẹ́ nickel, 20 jẹ́ chromium. Bí wáyà yìí bá kọ́kọ́ gbóná, ara rẹ̀ á ta èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Èèpo náà kì í ṣí, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jẹ ìyókù wáyà. Láti ìgbà náà ni sítóòfù oníná ti di ohun tí ilé lásán lè rà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ńṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ́ wáyà yìí ká bí sípíríǹgì àga, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sínú ihò tóóró tí wọ́n là sára amọ̀ sísun. Ìhòòhò ni wáyà wà. Bí ọbẹ̀ bá dà sí i, iyọ̀ inú ọbẹ̀ á jẹ ẹ́. Bí ṣíbí irin bá kàn án, iná lè gbé ẹni tó mú ṣíbí náà. Irú rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀ ní Nàìjíríà, nínú họ́ọ̀tì pílétì kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àpọ́n ń fi dáná. Bí wáyà rẹ̀ bá já, wọ́n máa ń fa ẹnu méjèèjì pọ̀, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ra. Yóò tún gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe yìí kì í tọ́jọ́. Wáyà ti kúrú sí i, bó bá sì ṣe kúrú sí ni iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á ṣe pọ̀ sí. Ojú ibi tí wọ́n so pọ̀ á máa gbóná ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ náà ni yóò sì tún já. Wáyà tuntun tó bá ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ mu ni àtúnṣe tòótọ́.

Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì ni wọ́n wá aṣọ fún ìhòòhò yìí. General Electric ti Amẹ́ríkà gbé irú kan jáde tó pè ní Calrod: wọ́n fi wáyà sáàárín ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fi ìyẹ̀fun magnesium oxide kún inú ọ̀pá náà ṣinṣin. Ìyẹ̀fun yìí ń jẹ́ kí ooru kọjá, kì í jẹ́ kí iná kọjá. Òun ni kóìlì dúdú tó ká roboto tí a mọ̀ lórí ọ̀pọ̀ sítóòfù títí di òní. Ó ní àbùkù tirẹ̀. Ìyẹ̀fun náà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà sítóòfù tí wọ́n ti pa tì fún ìgbà pípẹ́ lè máa já iná ilé bí wọ́n bá tún tàn án. Ìdí kóìlì, níbi tó ti wọ ojú ihò rẹ̀, sì máa ń dúdú tí kò bá wọlé dáadáa. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í pààrọ̀ kóìlì nìkan nígbà náà. Ó máa ń pààrọ̀ ojú ihò náà pẹ̀lú, torí ojú ihò tó ti jóná á tún jó tuntun. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kóìlì ti kú, mítà ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Kóìlì 2,400 wáàtì lórí iná 240 fóltì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 24 óòmù hàn. Èyí tó ti já nínú kò ní jẹ́ kí mítà sọ ohunkóhun.

Ìbéèrè bí a ṣe lè dín iná kù náà ní ìtàn tirẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, súìṣì ipele mẹ́ta ló wà, fún wáyà méjì tó dọ́gba. Bí méjèèjì bá gba iná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru á kún. Bí ẹyọ kan bá ń ṣiṣẹ́, ooru á di ìdajì. Bí iná bá gba inú ọ̀kan kó tó dé inú èkejì, ooru á di ìdá mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni súìṣì tó ń yí láìní ipele dé. Irin méjì tí ooru kì í mú fẹ̀ bákan náà ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbóná, wọ́n á tẹ̀, iná á já. Bí wọ́n bá tutù, iná á tún dé. Nítorí náà, kóìlì tó ń pọ́n tó tún ń dúdú kò bàjẹ́. Àbùkù ni bó bá ń pọ́n ṣáá láìka ibi tí wọ́n yí súìṣì sí: ẹnu súìṣì ti jó mọ́ra nìyẹn.

Iná tó ń wọ inú sítóòfù náà kò gbọ́dọ̀ pa ẹni tó ń lò ó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní 1924, Caroline Haslett sì ni olùdarí rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń kọ́ àwọn obìnrin bí iná ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ilé àti bí wọ́n ṣe lè lò ó láìséwu. Haslett náà wà nínú ìgbìmọ̀ tí ìmọ̀ràn rẹ̀ bí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní fíúsì nínú, tó jáde ní 1947. Ẹsẹ̀ tó gùn jù, ti wáyà ẹ́ẹ̀tì, ló ń ṣí ìdérí tí kì í jẹ́ kí ọmọdé ki nǹkan bọ ihò iná. Púlọ́ọ̀gì yìí ni Nàìjíríà ń lò. Fíúsì 13 áńpíà inú rẹ̀ kò lè gbé ju nǹkan bí 3,000 wáàtì lọ. Sítóòfù ńlá olójú mẹ́rin tó ní ààrò ìyan ju ìyẹn lọ. Ó gbọ́dọ̀ ní wáyà nípọn àti fíúsì tirẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fi tipátipá tì í bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ni ike ti ń yọ́.

Ní Nàìjíríà, ìjọba dá ilé iṣẹ́ ECN sílẹ̀ ní 1950 láti máa pín iná, NEPA sì rọ́pò rẹ̀ ní 1972. Sítóòfù oníná dé àwọn ilé ìlú ńlá, ṣùgbọ́n sítóòfù kẹrosíìnì àti gáàsì kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí iná kì í dúró. Iná tí kò lágbára pàápàá ń fa àṣìṣe nídìí àtúnṣe. Bí 240 fóltì bá wálẹ̀ sí 180, ooru kóìlì kì í dín ní ìdá mẹ́rin nìkan. Díẹ̀ ni ooru tó ṣẹ́ kù fi máa ń ju ìdajì lọ. Ọ̀pọ̀ kóìlì ni wọ́n ti jù nù nígbà tó jẹ́ pé iná ilé ló kéré.

Àbùkù ẹ̀rọ kan ló tún bí sítóòfù olójú gíláàsì. Ní 1953, nílé iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ooru ààrò ìdánwò Donald Stookey kọṣẹ́, ooru rẹ̀ sì gòkè láti 600 dé nǹkan bí 900 ní ìwọ̀n Celsius. Gíláàsì inú rẹ̀ kò yọ́. Ó di funfun, nígbà tó sì já bọ́ sílẹ̀, kò fọ́. Ní 1966 ni Corning fi irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ṣe ojú sítóòfù. Kò ní ihò tí ọbẹ̀ lè sá wọ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà tó bá yọ́ sí i lè ya ara rẹ̀ bó bá tutù mọ́ ọn, yanrìn ìfọkòkò sì máa ń ha á.

Gbogbo ìtàn yìí ló to ìlànà àyẹ̀wò tí oníṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Yóò kọ́kọ́ wọn iná tó ń wọlé, yóò sì wo fíúsì. Lẹ́yìn náà ni yóò pa iná láti orí súìṣì àgbà, kì í ṣe ti ara sítóòfù nìkan, yóò sì fi mítà rí i dájú pé iná ti kú kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Yóò wá yẹ ìdí kóìlì wò bóyá ó ti dúdú, yóò wọn kóìlì fúnra rẹ̀, súìṣì ni yóò sì yẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Kó tó dá iná padà, yóò wo wáyà ẹ́ẹ̀tì bóyá ó ṣì so mọ́ ara irin sítóòfù, nítorí wáyà yìí lè já kí sítóòfù ṣì máa gbóná dáadáa, kò sì sí àmì kankan tí yóò fi sọ fún alásè.