Bí Irọ́ Lọ fún Ogún Ọdún: Ìtàn Àyẹ̀wò Ṣúgà Olóṣù Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa: ta ni kò mọ alátọ̀gbẹ tó jẹ́ pé ìgbà tí ọjọ́ dókítà bá ku ọ̀la ló tó ń sá fún mínírà? Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárọ̀, ṣúgà á ti wálẹ̀, òun náà á máa rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Láyé àtijọ́, èèrà tó bo ojú ìtọ̀ làwọn àgbà fi ń fura. Àyẹ̀wò ìtọ̀ dé, ti ẹ̀jẹ̀ náà dé, àmọ́ ti ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń sọ.

Lọ́dún 1968, ní Tehran, lórílẹ̀-èdè Iran, Dókítà Samuel Rahbar ń yẹ hemoglobin wò, ìyẹn ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa, tí wọ́n tún fi ń mọ genotype wa. Ó rí i pé ti àwọn alátọ̀gbẹ yàtọ̀. Ìwádìí wá fi hàn pé ṣúgà ló lẹ̀ mọ́ ọn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé, ìdí nìyẹn tó fi ń rántí ohun tá a jẹ ní oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń pè ní HbA1c nìyẹn.

Lọ́dún 1993, èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn alátọ̀gbẹ 1,441 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn tí HbA1c wọn wálẹ̀ sí nǹkan bíi 7%, àrùn ojú, kíndìnrín àti iṣan wọn dín kù gan-an sí ti àwọn tó wà ní nǹkan bíi 9%. Lọ́dún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé 6.5% sókè lè fi àtọ̀gbẹ hàn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, èyí kàn wá gan-an: tẹ́ ẹ bá jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì yín kì í pẹ́ láyé, èsì náà lè kéré lẹ́yìn òótọ́. Tó bá sì jẹ́ AS ni yín, ẹ̀rọ míì lè ṣì í kà. Ẹ sọ genotype yín fún dókítà. Àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń jẹ́ fructosamine, tí kì í wo sẹ́ẹ̀lì pupa rárá. Ti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lòun ń sọ.

Ẹ béèrè fún HbA1c, kẹ́ ẹ sì rán bàbá àti ìyá nílé létí. Èèyàn lè tan dókítà jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè tan ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a.