Ìní àti Ìkáwọ́: Àgbéyẹ̀wò Níní nínú Òfin Ilẹ̀, Ẹ̀sìn àti Ìmọ̀ Ìhùwàsí

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tó ń wádìí ìní ló máa ń wo ẹnì kan àti ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò tiwa ni pé àárín èèyàn sí èèyàn ló yẹ kí ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló fi èyí hàn jù. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, Viscount Haldane kìlọ̀ nínú ìdájọ́ ìgbìmọ̀ Privy Council pé kí a ṣọ́ra fún fífi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ tí wọ́n ń fi àṣà ìbílẹ̀ ní. Olóyè ni alámòójútó. Ìdílé àti ìlú ló ni ilẹ̀ náà.

Ẹ wá wo àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ tó gbà á láyè. Ó lè dáko lórí ilẹ̀ náà títí kan ọmọ-ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ kò lè tà á. Bó bá sẹ́ onílẹ̀, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, àwọn kan sì rò pé àjọṣe onílẹ̀ àti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti parí nìyẹn. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò rí bẹ́ẹ̀, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu ní 1991. Bẹ́ẹ̀ ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ti sọ ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, pé pípẹ́ lórí ilẹ̀ wà lára ọ̀nà márùn-ún tí a lè fi fi ẹ̀tọ́ ẹni hàn. A kò rí àtakò níbẹ̀. Ọdún gbọọrọ lè jẹ́rìí gbe ẹni tó wà lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó gbà á síbẹ̀ di àjèjì.

Nínú ìsìn òrìṣà ẹ̀wẹ̀, èèyàn gan-an ni ohun ìní. Ṣàngó ló ń gun elégùn, ìyẹn olùsìn tí òrìṣà ń gùn. Ìyàwó òrìṣà ni elégùn, ì báà ṣe ọkùnrin, ó sì máa ń dirun bí obìnrin. Onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá J. Lorand Matory tẹnu mọ́ okùn tó so gígùn, ìgbéyàwó àti ìṣàkóso pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1994 lórí Ọ̀yọ́. Iaô, ìyẹn ìyàwó, ni wọ́n ṣì ń pe ẹni tuntun nínú Candomblé, ìsìn òrìṣà ní Bràsíl. Àwọn àgbà tó ṣe òrìṣà fún un náà ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀.

Ìmọ̀ ìhùwàsí kì í sábà wo irú àjọṣe èèyàn sí èèyàn yìí. Àwọn olùwádìí Kahneman, Knetsch àti Thaler tẹ ìdánwò kan jáde ní 1990: iye tí àwọn tí wọ́n fún ní kọ́ọ̀bù fẹ́ tà á tó ìlọ́po méjì iye tí àwọn yòókù fẹ́ rà á. Àbájáde pàtàkì ni, àmọ́ kọ́ọ̀bù kò ní mọ̀lẹ́bí lẹ́yìn. A kò gbọdọ̀ fi ṣe òdiwọ̀n ilẹ̀ ìdílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìdílé onílẹ̀ àti ẹ̀yin tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí, nígbà tí àwọn tó mọ bí ilẹ̀ náà ṣe dé ọwọ́ yín ṣì wà láyé.