Láti Orí DVD sí Orí VCD: Ìtàn Iṣẹ́ Ọwọ́ Kan àti Ohun Tí Ó Ṣẹ́ Kù Fún Wa

Nínú àpótí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́ fi ń tọ́jú àwòrán, àwo VCD wà níbẹ̀: ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó, ìwúyè, ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí a bá bi àwọn onílé léèrè, wọn a ní àwòrán náà gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn àwo wọ̀nyí kì í ṣe àwòrán àkọ́kọ́. Ẹ̀dà ni wọ́n, tí ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà yọ láti ara DVD kí ó lè wọ inú ẹ̀rọ tí ó wà nílé. Ètò kọ̀ǹpútà tí ẹni náà yàn, ọ̀nà tí ó gbà lò ó, àti iye wákàtí tí ó yọ̀ǹda fún iṣẹ́ náà ni ó pinnu ohun tí a lè rí lónìí àti ohun tí a kò lè rí mọ́. Ìgbà iṣẹ́ ọwọ́ yìí kò gùn, síbẹ̀ apá kan ìtàn àwọn ìlú wa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ọdún 1993 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Philips, Sony, Matsushita àti JVC fi ẹnu kò lórí ìlànà VCD, tí wọ́n kọ sínú ìwé tí a mọ̀ sí Ìwé Funfun. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí àwo sídì tí a fi ń gbọ́ orin lè gbé àwòrán tí ń rìn pẹ̀lú. Nítorí pé àyè inú sídì kéré, wọ́n ní láti fún àwòrán náà pọ̀ gidigidi nípa ìlànà MPEG-1. Ní ilẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ti ń fi àwòrán 25 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí tiwa, àwòrán VCD ní ẹyọ àmì 352 ní ìbú àti 288 ní òró. Kílóbíìtì 1150 ni ìpín rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, yálà ẹnì kan jókòó jẹ́ẹ́ tàbí agbo ijó gbóná. Ohùn gba kílóbíìtì 224. Pẹ̀lú ìṣirò yìí, àwo kan gba ìṣẹ́jú 74, tàbí 80 bí àwo náà bá jẹ́ ti àyè púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti ra fíìmù Yorùbá tí wọ́n kó wá láti Èkó rí yóò rántí pé àwo méjì ni ó sábà máa ń wà nínú páálí kan. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ṣáínà ni VCD ti rí ibùgbé gidi. Ní ìlú Hefei, ní ọdún 1993 kan náà, ilé-iṣẹ́ Wanyan ṣe ẹ̀rọ VCD tí a lè lò nílé, pẹ̀lú ẹ̀yà inú tí ilé-iṣẹ́ C-Cube ti Amẹ́ríkà ṣe. Láìpẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Láti orí kásẹ́ẹ̀tì VHS ni wọ́n ti fò bọ́ sórí DVD. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ní Kùtọnu àti ní Lomé, ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí àwo rẹ̀ kì í hu olú bí kásẹ́ẹ̀tì nígbà ọ̀rinrin, tí kò sì nílò kí a máa yí i padà sẹ́yìn kí ẹlòmíràn tó wò ó, kò nílò ẹni tí yóò polówó rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò fíìmù ní Nàìjíríà fi VHS sílẹ̀ fún VCD, ojú wa ní apá ìhín náà tẹ̀lé wọn.

DVD ti wà lóde nígbà náà. Jàpáánì ni ó ti kọ́kọ́ dé ọjà, ní ọdún 1996. Àwo rẹ̀ tí ó ní ìpele kan gba gígábáìtì 4.7. Àwòrán rẹ̀, tí a fi ìlànà MPEG-2 fún pọ̀, ní ẹyọ àmì 720 ní ìbú àti 576 ní òró, èyí tí ó tó ìlọ́po mẹ́rin ti VCD. Àwọn ìbátan wa tí ó wà ní Faransé ni ó ń kó o wálé. Wàhálà sì bá a wá. Àwọn tí ó ni ìlànà DVD ti pín ayé sí agbègbè: Faransé wà ní agbègbè 2, Benin, Togo àti Nàìjíríà wà ní agbègbè 5, ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì ṣe fún agbègbè kan lè kọ àwo agbègbè kejì. Àwo tí a ká fúnra wa kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ VCD kò lè kà á rárá. Òfo DVD àti ẹ̀rọ tí ń kọ ọ́ sì wọ́n ju ti sídì lọ. Nítorí náà, bí bàbá àgbà bá fẹ́ wo ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Paris, ẹnì kan ní láti sọ DVD di VCD.

Èyí tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù ní àgádágodo lára, tí wọ́n ń pè ní CSS. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1999, ètò kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DeCSS jáde, èyí tí ó ṣí àgádágodo náà. Ọmọ ọdún 15 ni Jon Lech Johansen, ará Norway, tí wọ́n gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá a láre ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ sì fọwọ́ sí ìdáláre náà ní ìparí ọdún kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ VideoLAN ní 1996, náà ṣe ètò tiwọn, libdvdcss, tí ó wà lára ohun tí VLC ń lò títí di òní. A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ bò: ilẹ̀kùn kan náà ni ẹni tí ó fẹ́ wo àwo tí ó fi owó ara rẹ̀ rà àti ẹni tí ó fẹ́ tẹ ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún fún títà gbà wọlé. Ti ẹ̀kejì yìí kò dára, àwọn tí ń ṣe fíìmù Yorùbá sì mọ ohun tí ó ná wọn. Ọ̀rọ̀ tèmi níhìn-ín dá lórí àwòrán tí ó jẹ́ tiwa fúnra wa.

Kò sí ètò kan ṣoṣo tí ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni, ìdè kan wọ inú ìkejì. SmartRipper tàbí DVD Decrypter a kó àwọn fáìlì VOB kúrò lórí DVD. DVD2AVI a ya àwòrán àti ohùn sọ́tọ̀. TMPGEnc, tí Hiroyuki Hori ará Jàpáánì kọ, a fún àwòrán pọ̀ sí MPEG-1. VCDImager a to gbogbo rẹ̀ bí Ìwé Funfun ti wí, kí a tó kọ ọ́ sórí àwo. Àwọn mìíràn yan ètò tí ó ṣe ohun gbogbo pọ̀, bíi FlasK, nítorí pé ó rọrùn. Ní Faransé, Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ FFmpeg ní ọdún 2000. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ọ̀rọ̀ àṣẹ kan péré nínú rẹ̀, pal-vcd, ti tó láti to gbogbo òdiwọ̀n VCD lẹ́ẹ̀kan náà.

Lójú tèmi, ẹni tí ó yan TMPGEnc, tí ó sì ní sùúrù, ni ó ṣe wá lóore jù. Ètò náà kò gba owó fún MPEG-1, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ 30 péré ni ó fi MPEG-2 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ibi tí a ti ń yan bí yóò ti fara balẹ̀ wá ìrìn àwòrán tó, ó sì ní ibi tí a ti ń rọ igun àwọn ègé onígun mẹ́rin tí MPEG máa ń fi sílẹ̀. Ìfarabalẹ̀ náà ń jẹ wákàtí. Lórí kọ̀ǹpútà ìgbà náà, fíìmù wákàtí méjì lè gba odindi òru kan, bí délestage kò bá sì jẹ́ kí iná dúró, a óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Abájọ tí àwọn tí ń fi í ṣòwò fi yan ọ̀nà tí ó yá.

Ẹ jẹ́ kí a mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí UNESCO kéde ní 2001, tí ó sì wọ inú àkójọ ohun ìní aráyé ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde. Nínú òkùnkùn, kámẹ́rà máa ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀: ìyẹ̀fun àmì tí ń gbọ̀n lórí ohun gbogbo. MPEG kò mọ̀ pé ìyẹ̀fun ni. Ó kà á sí ìrìn, ó sì ná púpọ̀ nínú kílóbíìtì 1150 rẹ̀ lé e lórí. Èyí tí ó kù fún ojú agọ̀ àti fún aṣọ kò tó nǹkan, wọn a sì di ègé onígun mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kílóbíìtì 224 tó fún ohùn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, ẹ̀ébú àti ìwúre rẹ̀, a máa ṣe kedere lórí àwo tí a kò ti rí ojú agọ̀ dáadáa.

Ijó ọ̀sán ní ìṣòro tirẹ̀. Kámẹ́rà fídíò ń ya ìlàjì àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, DVD sì ń pa gbogbo wọn mọ́. VCD kò gbà ju odindi 25 lọ. Ẹni tí ń yí i padà ní láti sọ ìlàjì kan nù, kí àwòrán lè mọ́, tàbí kí ó po méjèèjì pọ̀, kí òjìji sì máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ ajó. Ọ̀nà kìíní ni mo fara mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ìrìn ẹsẹ̀ náà ti lọ. Ohùn DVD sì jẹ́ 48,000 ìwọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti VCD jẹ́ 44,100. Yàtọ̀ sí ìyípadà yìí, àlàfo díẹ̀ lè wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán àti ti ohùn. DVD2AVI a kọ iye àlàfo náà sínú orúkọ fáìlì ohùn, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ènìyàn kà á, kí ó sì fi í ṣe àtúnṣe. Ẹni tí kò bá ka ibẹ̀, ìlù rẹ̀ yóò ṣáájú ẹsẹ̀. Nínú fíìmù lásán, a lè mójú kúrò. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí irin ọrùn ẹsẹ̀ ajó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìyá ìlù sọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá tó láti sọ ọ̀gá ajó di aláìmọ̀jó lójú ọmọ tí a kò bí nígbà náà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a kò tọ̀. Ní 1998, Ṣáínà gbé SVCD jáde, tí ó ń lo MPEG-2 lórí sídì kan náà, pẹ̀lú àmì 480 ní ìbú àti 576 ní òró. Ó lè pa ìlàjì àwòrán méjèèjì mọ́. Ètò DVD2SVCD ń ṣe é láìfi bẹ́ẹ̀ dá ènìyàn lágara. Ṣùgbọ́n àwo kan kì í sábà gbà ju wákàtí kan lọ, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀rọ VCD àtijọ́ kò sì lè kà á. Ohun tí ẹ̀rọ inú ilé lè kà ni ènìyàn ń béèrè fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le nìyí. Lórí sídì tí a kó ìwé tàbí fáìlì sí, ègé kọ̀ọ̀kan gbé báìtì 2048, a sì fi àwọn báìtì mìíràn ṣọ́ wọn kí àṣìṣe lè ní àtúnṣe. Kí VCD lè rí àyè sí i, a mú báìtì 2324 sínú ègé kan náà, a sì lé àwọn aṣọ́nà lọ. Ìhá díẹ̀ lè ba àwòrán jẹ́ lórí VCD níbi tí fáìlì yòókù yóò ti yè é. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi máa ń dúró láàárín ọ̀nà tí a bá ń da AVSEQ01.DAT láti inú àpò MPEGAV. Ètò vcdxrip tí ó bá VCDImager wá a máa gbìyànjú jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì fún wa ní MPEG-1 náà bí ó ti wà, láìtún un fún pọ̀. Àtúnfúnpọ̀ nígbà yìí yóò mú ohun tí ó kù dínkù.

Kí a tó fọwọ́ kan VCD rárá, ó yẹ kí a béèrè ibi tí DVD wà, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé kámẹ́rà bóyá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tíì di ohun tí a ká nǹkan mìíràn lé. Ìbátan tí ó fi DVD ránṣẹ́ láti Faransé lè ní èkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Bí kò bá sí ìkankan, kí a dà VCD náà sórí ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a kọ orúkọ ìlú, ọdún, ajó àti onílù sí i nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà. Àwo tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo ni kí a kọ́kọ́ dà.