Kí Abẹ Tó Kan Ikùn

Ní Ìtapàjí-Èkìtì, bíi ti gbogbo ilẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, iyán ni wọ́n fi ń ṣe àlejò. Ẹni tó bá sanra, wọ́n á ní ayé yẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń jẹ àjẹjù, wọ́n á ní wọ̀bìà ni. Ẹni tí àjẹjù tirẹ̀ jẹ́ àìsàn kò rí àyè láàárín ìyìn àti èébú yìí.

Àìsàn náà wà. Dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà kan, Albert Stunkard, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1959 lára àwọn tó sanra jù. Ẹni tó ń ṣe lè dìde lóru, kó tú ewé kúrò lára iyán àná, kó máa bù ú jẹ lóòró láìsí ọbẹ̀, kó máa sáré gbé e mì kí ará ilé tó jí. Ikùn ti kún, ọwọ́ kò dúró. Bó bá tán, ìtìjú á bò ó. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù 3, dókítà á kà á sí àìsàn. Síbẹ̀, ó di 2013 kí ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ tó yà á sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ abẹ ìsanrajù kò dúró de ìyàsọ́tọ̀ yẹn. Arnold Kremen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota ti kọ nípa gígé ọ̀nà ìfun kúrú lọ́dún 1954. Edward Mason ní Iowa sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1966 pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ àpòlúkù. Irú iṣẹ́ abẹ kan tó wọ́pọ̀ lónìí ń gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù dànù. Ìbànújẹ́ tó ń gbé ènìyàn lọ sídìí ìkòkò kì í bá a lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń jẹ ju ti àtẹ̀yìnwá bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti ń sún mọ́lé, bí ẹni ń dágbére fún oúnjẹ. Bí àjẹjù yìí bá padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara sábà máa ń sanra padà. Abájọ tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi sọ lọ́dún 1991 pé oníṣẹ́ abẹ nìkan kò gbọdọ̀ dá a ṣe, kí ẹni tó mọ̀ nípa ọkàn àti ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ wà níbẹ̀.

Ọdún 1954 yẹn kan náà ni dókítà ọpọlọ ará Nàìjíríà, Adéoyè Lámbò, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Aró, l'Ábẹ́òkúta. Láti 1907 tí wọ́n ti ṣí ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Yábàá, l'Ékòó, títì mọ́lé ni ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ. Lámbò kó wọn sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ní kí mọ̀lẹ́bí kan tẹ̀ lé ẹnì kọ̀ọ̀kan: òun ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ìsanrajù nílò irú mọ̀lẹ́bí bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí inú ilé ni ìjà rẹ̀ wà.

Òfin ìlera ọpọlọ tuntun dé ní Nàìjíríà lóṣù kìíní ọdún 2023, lẹ́yìn òfin amúnisìn tó ti wà láti 1916. Ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ n'Ídòó-Èkìtì. Ẹ̀yin ará Ìtapàjí, bí ẹ bá mọ ẹni tó ń fi oúnjẹ pa ìbànújẹ́ rẹ́, ẹ má pè é ní wọ̀bìà mọ́. Ẹ sìn ín lọ síbẹ̀.